Orúkọ, Òṣùpá àti Òfin: Ìtàn Àwọn Ọdún Ìgbà Ìrúwé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìwúlò Rẹ̀ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ìfáárà

Ó wọ́pọ̀ kí a bá ẹ̀kọ́ kan pàdé nínú àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó dá lórí àwọn ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣe ní ìgbà ìrúwé. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń rí níbẹ̀ kò ju àwòrán ẹyin aláràbarà, ehoro, òdòdó, àti òpó gíga kan tí àwọn ọmọdé ń jó yí ká lọ. Olùkọ́ yóò sọ fún un pé “Easter” ni tibí, “May Day” sì ni tọ̀hún. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò há àwọn ọ̀rọ̀ náà sórí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè ìdí tí Easter fi ń bọ́ sí oṣù kẹta ní ọdún kan, tí ó sì ń bọ́ sí oṣù kẹrin ní ọdún mìíràn, tàbí ìdí tí báǹkì fi ń tì ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, kò ní rí nǹkan kan sọ.

Àìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tí ó kọ́ ọ̀rọ̀ láìkọ́ ìtàn tí ó bí i, èèpo ni ó gbé, kò gbé iṣu. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè gba ìtàn tí kò ní ẹ̀rí gbọ́, gẹ́gẹ́ bí èyí tí àwọn kan ń sọ láàárín wa pé ọdún òrìṣà ni Easter láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé kò yẹ kí Kristẹni bá wọn dá sí i.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a wádìí nípa ọdún kọ̀ọ̀kan: ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá, ọ̀nà tí a gbà ń ṣírò ọjọ́ rẹ̀, àti ẹni tí ó pàṣẹ pé kí a sinmi ní ọjọ́ náà. Nígbà tí a bá wádìí wọn, a ó rí i pé ọjọ́ ọdún kì í ṣàdédé já bọ́ láti òkè ọ̀run. Ẹnìkan ni ó ń yàn án. Ìjà lórí ọjọ́ ọdún sì sábà máa ń jẹ́ ìjà lórí ẹni tí ó ni àṣẹ. Easter ni a ó fi ṣe òpómúléró àlàyé wa, nítorí pé òun ni púpọ̀ nínú àwọn ọdún yòókù so mọ́.

Ọ̀ràn Orúkọ

Àwa Yorùbá mọ ìgbà òjò, a mọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì mọ ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà ìrúwé gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mọ̀ ọ́n kò sí ní ilẹ̀ wa. Ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀sán tí ó gùn jù lọ àti èyí tí ó kúrú jù lọ nínú ọdún kò tó wákàtí kan. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sán kì í pé wákàtí 8 ní ìparí oṣù kejìlá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì máa ń ju wákàtí 16 lọ ní oṣù kẹfà. Ẹni tí ó bá ti la irú òtútù àti òkùnkùn bẹ́ẹ̀ kọjá ni ó lè mọ ìdí tí gígùn ọ̀sán fi jẹ́ ohun ayọ̀. Inú gígùn yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà “Lent” ti jáde. “Lencten” ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pe ìgbà ìrúwé, àwọn onímọ̀ èdè sì gbà pé ó bá ọ̀rọ̀ wọn tí ó túmọ̀ sí “gígùn” tan. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi orúkọ ìgbà náà pe ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tí ó máa ń bọ́ sí inú rẹ̀, “spring” sì gba ipò ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ìjọ kan ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ọ̀yọ́ bá sọ pé òun ń gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, orúkọ ìgbà ìrúwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń pè láìfura.

Ọ̀rọ̀ náà “Easter” ni ó fa àríyànjiyàn jù lọ. Bede, mọ́ńkì kan tí ó gbé ní Jarrow ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan lórí ìṣirò àkókò ní 725. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé oṣù tí ó ṣe déédéé oṣù kẹrin ni àwọn baba ńlá òun ń pè ní “Eosturmonath”. Pé orúkọ òrìṣà obìnrin kan, Eostre, tí wọ́n máa ń ṣe ọdún fún ní oṣù náà, ni wọ́n fi sọ ọ́. Àti pé orúkọ oṣù yìí ni àwọn Kristẹni ìgbà tirẹ̀ wá fi ń pe ọdún Àjíǹde. Ibí yìí nìkan ni ìwé àtijọ́ ti dárúkọ Eostre. Bede kò sọ pé ó ní ehoro, kò sọ pé ó ní ẹyin, kò sì ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń bọ ọ́. Ní 1835 ni Jacob Grimm, onímọ̀ ará Jámánì, dá a lábàá pé àwọn ará Jámánì náà ti ní irú òrìṣà bẹ́ẹ̀ rí, ó sì pè é ní Ostara. Àbá ni èyí. Kò sí ìwé àtijọ́ tí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Àní bí a bá gba gbogbo ẹ̀rí Bede gbọ́, ohun tí ó fi hàn ni pé orúkọ ni ó ti ọ̀dọ̀ òrìṣà wá, kì í ṣe ọdún náà fúnra rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejì, àwọn Kristẹni ti ń ṣe ọdún yìí ní Éṣíà Kékeré àti ní Róòmù, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹ̀sìn Kristi rárá. “Pascha” ni àwọn Gíríìkì ń pè é, èdè Látìnì sì gbà á bẹ́ẹ̀. “Pâques” ni ti àwọn Faransé, “Pascua” ni ti àwọn ará Sípéènì, “Páscoa” sì ni ti àwọn Pọ́túgí. Inú “Pesach” ti àwọn Júù ni gbogbo wọn ti jáde, èyí tí àwa ń pè ní Ìrékọjá. A kò lè torí orúkọ oṣù kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òrìṣà Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará Róòmù ń bọ.

Kódà, ó pẹ́ kí èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ya ọdún àwọn Júù sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn Kristẹni. Nínú Májẹ̀mú Titun tí William Tyndale túmọ̀, tí ó jáde ní 1526, ọ̀rọ̀ tí ó di Easter lónìí ni ó lò fún ọdún àwọn Júù pàápàá. Ìgbà tí ó dé orí àwọn ìwé Mósè, tí ó jáde ní 1530, ni ó tó lo ọ̀rọ̀ tuntun náà “Passover”. Síbẹ̀, nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, “Easter” ṣì wà ní Ìṣe Àwọn Aposteli, orí kejìlá, níbi tí ó ti jẹ́ pé ọdún àwọn Júù ni a ń sọ. Èdè Yorùbá kò ní ìṣòro yìí. Àwọn tí ó mú ẹ̀sìn náà wọ inú èdè wa kò gbé orúkọ oṣù àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá. Ìtumọ̀ ni wọ́n gbé wá. Wọ́n pe ti àwọn Júù ní Ìrékọjá, wọ́n sì pe ti àwọn Kristẹni ní Àjíǹde. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ọ̀ràn Òṣùpá àti Òòrùn

Oṣù tí a fi òṣùpá kà máa ń jẹ́ ọjọ́ 29 tàbí 30. Oṣù 12 irú rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 354, èyí tí ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún tí a fi òòrùn kà. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ẹlẹ́sìn gbà yanjú ọ̀ràn yìí. Àwọn Mùsùlùmí di òṣùpá mú ṣinṣin. Ìdí nìyí tí ààwẹ̀ wọn fi ń bọ́ sí ìgbà òjò nígbà kan, tí ó sì ń bọ́ sí ìgbà ọyẹ́ nígbà mìíràn. Àwọn Júù máa ń fi oṣù kan kún ọdún ní ìgbà 7 láàárín ọdún 19, kí Ìrékọjá, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Nisan, má baà kúrò ní ìgbà ìrúwé. Àwọn Kristẹni ní tiwọn fẹ́ so ohun mẹ́ta pọ̀: òṣùpá, nítorí Ìrékọjá, òòrùn, nítorí ìgbà ìrúwé, àti ọjọ́ Àìkú, nítorí pé ọjọ́ náà ni àwọn Ìhìn Rere sọ pé a bá ibojì Jésù ní òfìfo.

Ohun mẹ́ta wọ̀nyí kò rọrùn láti so pọ̀. Àwọn ìjọ Éṣíà Kékeré ń ṣe ọdún wọn ní ọjọ́ 14 oṣù Nisan, ọjọ́ yòówù kí ó bọ́ sí nínú ọ̀sẹ̀. Àwọn ará Róòmù ní dandan ni kí ó jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ní nǹkan bí 155, Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Smyrna, lọ sí Róòmù, ó sì bá Anicetus, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, sọ ọ̀rọ̀ náà. Kò sí èyí tí ó yí èkejì lọ́kàn padà, ṣùgbọ́n wọ́n pínyà ní àlàáfíà. Ní ìparí ọ̀rúndún náà, Victor tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Róòmù fẹ́ ya àwọn ìjọ Éṣíà nípa nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, Irenaeus ti Lyons sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi sùúrù ṣe é. Ní 325, níbi àpérò Nicaea tí Constantine ọba Róòmù pè, wọ́n fẹnu kò pé ọjọ́ kan náà ni kí gbogbo ìjọ máa ṣe ọdún, kí wọ́n má sì máa wo ìṣirò àwọn Júù mọ́.

Ìlànà tí ó wá fìdí múlẹ̀ lẹ́yìn náà ni èyí: a óò kọ́kọ́ wá òṣùpá àrànmọ́jú tí ó bá ṣe ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta tàbí tí ó kọ́kọ́ tẹ̀lé ọjọ́ náà, ọjọ́ Àìkú tí ó kọ́kọ́ tẹ̀lé òṣùpá yìí ni Easter. Nítorí náà, Easter kò lè ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù kẹta, kò sì lè kọjá ọjọ́ 25 oṣù kẹrin. Òṣùpá tí a ń sọ yìí, òṣùpá inú ìṣirò ni, kì í ṣe èyí tí a fi ojú rí. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ àríyànjiyàn tí ó máa ń wáyé láàárín àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa lórí rírí oṣù ààwẹ̀ yóò mọ ìdí tí ṣọ́ọ̀ṣì fi fẹ́ ìwé ju ojú lọ, yóò sì mọ̀ pé ìwé pàápàá kò ní kí àríyànjiyàn má wà, bí ẹni méjì bá ní ìwé méjì lọ́wọ́.

Whitby, 664

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an nìyẹn. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀sìn Kristi gbà wọ ibẹ̀: láti ọwọ́ àwọn mọ́ńkì Ireland tí wọ́n gba erékùṣù Iona wá, àti láti ọwọ́ àwọn tí Póòpù Gregory rán láti Róòmù, tí Augustine ṣáájú wọn dé Kent ní 597. Ìṣirò wọn yàtọ̀ síra. Oswiu, ọba Northumbria, ń tẹ̀lé ti Ireland. Eanflæd, ayaba rẹ̀, tí a tọ́ ní Kent, ń tẹ̀lé ti Róòmù. Bede sọ nínú ìwé ìtàn tí ó parí ní 731 pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn pé ọba ti ń jẹ àsè Àjíǹde nígbà tí ayaba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣì wà nínú ààwẹ̀, tí wọ́n ń ṣe ọjọ́ Àìkú Imọ̀ Ọ̀pẹ. Ààfin kan, ọdún méjì.

Ní 664, ọba pe àpérò sí ilé àwọn mọ́ńkì ní Whitby, níbi tí Hild, obìnrin olókìkí, ti jẹ́ olórí. Colmán, bíṣọ́ọ̀bù Lindisfarne, gbèjà ìlànà Ireland. Wilfrid gbèjà ti Róòmù. Wilfrid rán wọn létí pé Peteru ni Jésù fi kọ́kọ́rọ́ ìjọba ọ̀run lé lọ́wọ́. Ọba bi Colmán bóyá òótọ́ ni. Colmán ní òótọ́ ni. Ọba wá sọ pé òun kò ní ta ko ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má baà di pé nígbà tí òun bá dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, kò ní sí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn. Colmán kó àwọn tí ó tẹ̀lé e, ó sì padà sí Iona. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé kì í ṣe ìṣirò òṣùpá ni ó parí ọ̀rọ̀ náà; àṣẹ ni.

Àyípadà Kàlẹ́ńdà

Kàlẹ́ńdà tí Yúróòpù jogún láti ọ̀dọ̀ Julius Caesar fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 gùn ju ọdún òòrùn lọ. Díẹ̀díẹ̀, ó ti fi ọjọ́ 10 ṣìnà nígbà tí ó fi máa di ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ọdún Àjíǹde sì ń jìnnà sí ibi tí ó yẹ kí ó wà. Ní 1582, Póòpù Gregory kẹtàlá pàṣẹ pé ọjọ́ tí ó bá tẹ̀lé ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ní ọdún náà kí ó jẹ́ ọjọ́ 15. Ìṣirò náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n Póòpù ni ó pa á láṣẹ, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti kúrò lábẹ́ Róòmù. Ọdún 170 kọjá kí wọ́n tó gbà á. Nípa òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe ní 1751, ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ni ó tẹ̀lé ọjọ́ 2 ní 1752. Òfin kan náà ni ó gbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kúrò ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta, ọjọ́ “Lady Day”, wá sí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní.

Púpọ̀ nínú àwọn ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kò gba ìṣirò tuntun yìí fún Àjíǹde títí di òní. Ní 2024, ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ṣe é, àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì sì ṣe tiwọn ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún. Ní 2025, àwọn méjèèjì pàdé ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin.

Òfin àti Ọjọ́ Ìsinmi

Ṣọ́ọ̀ṣì kò nìkan ni ọjọ́ ọdún. Ní 1644, nígbà tí àwọn Puritan wà ní agbára, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pàṣẹ pé kí a wó gbogbo òpó ijó ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún lulẹ̀. Ní 1647, wọ́n fi òfin pa Kérésìmesì, Easter àti Whitsun, tí í ṣe ọdún Pẹ́ńtíkọ́sì, rẹ́; wọ́n sì fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan rọ́pò wọn gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìsinmi fún àwọn ọmọ iṣẹ́ àti ìránṣẹ́. Nígbà tí Charles kejì padà sórí oyè ní 1660, àwọn ọdún náà padà pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ilé owó àti ilé iṣẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí pàṣẹ. Báǹkì Àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti máa ń tì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ àwọn Ẹni Mímọ́, dín in kù sí ọjọ́ 4 péré ní 1834. Ní 1871 ni Sir John Lubbock mú òfin ọjọ́ ìsinmi báǹkì wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin náà fi ọjọ́ Ajé Easter, ọjọ́ Ajé Whitsun, ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ àti ọjọ́ kejì Kérésìmesì ṣe ọjọ́ ìsinmi. Kò ka Ọjọ́ Ẹtì Rere mọ́ wọn, nítorí pé àṣà ti fi ìsinmi ọjọ́ náà múlẹ̀ tipẹ́. Ní 1928, wọ́n tún ṣe òfin pé kí Easter dúró sójú kan, ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì nínú oṣù kẹrin. Ṣùgbọ́n a kò fi òfin náà ṣiṣẹ́ rí. Ohun tí kò ṣeé ṣe fún Easter ṣeé ṣe fún Whitsun: òfin 1971 fi ọjọ́ Ajé tí ó kẹ́yìn oṣù karùn-ún rọ́pò ọjọ́ Ajé Whitsun, “Spring Bank Holiday” sì di orúkọ ìsinmi tí ó ti jẹ́ ti Pẹ́ńtíkọ́sì tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún pẹ̀lú yí padà. Ọjọ́ òdòdó àti ijó ni ó jẹ́ ní abúlé. Ní 1889, àpérò àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn alájọṣepọ̀ ní Paris yàn án gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìfẹ̀hónúhàn àwọn òṣìṣẹ́ gbogbo ayé, ní títẹ̀lé ìjàkadì fún iṣẹ́ wákàtí 8 tí ó ṣẹlẹ̀ ní Chicago ní 1886. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi ọjọ́ ìsinmi sí i títí di 1978, ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù náà ni wọ́n sì fún un. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ kìn-ín-ní gan-an ni ọjọ́ òṣìṣẹ́. Èyí fi hàn pé “May Day” kan náà lè jẹ́ ti òdòdó lẹ́nu ẹnìkan, kí ó sì jẹ́ ti òṣìṣẹ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹyin, Ehoro àti Ọjọ́ Ìyá

Ó kù kí a sọ ti àwọn àwòrán inú ìwé. Ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà àárín kò gba ẹyin jíjẹ láàyè ní ìgbà Lẹ́ńtì, ṣùgbọ́n adìyẹ kò mọ ààwẹ̀. Nígbà tí ọdún bá fi máa dé, ẹyin ti pọ̀ nílé. Àkọsílẹ̀ ààfin Edward kìn-ín-ní fi hàn pé wọ́n ra ẹyin 450 ní 1290, láti kùn ún lọ́dà fún Àjíǹde. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó ṣáájú Lẹ́ńtì, “Shrove Tuesday”: ọ̀nà láti lo ẹyin àti ọ̀rá tán ni. Ní ti ehoro, ìwé kan tí oníṣègùn ará Jámánì, Georg Franck von Franckenau, kọ ní 1682 ni ó ròyìn ehoro tí wọ́n ní ó ń fi ẹyin pamọ́ sínú koríko fún àwọn ọmọdé. Àwọn ará Jámánì tí ó ṣí lọ sí Pennsylvania ni ó mú àṣà náà dé Amẹ́ríkà. Láti ìgbà Bede títí di ìgbà yìí, ó ju ẹgbẹ̀rin ọdún àti àádọ́jọ lọ. Kò sí afárá tí ó so ehoro mọ́ Eostre.

Ọ̀rọ̀ “Mother’s Day” pẹ̀lú lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ Àìkú kẹrin nínú Lẹ́ńtì ni, orúkọ rẹ̀ àtijọ́ sì ni “Mothering Sunday”. Ní Amẹ́ríkà, ìpolongo Anna Jarvis, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1908, ni ó bí i, ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù karùn-ún sì ni Ààrẹ Wilson kéde fún un ní 1914. Àwọn ìjọ wa ní Nàìjíríà pín sí méjì lórí rẹ̀: àwọn Áńgílíkà ń ṣe ti inú Lẹ́ńtì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ yòókù sì ń ṣe ti oṣù karùn-ún.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé orúkọ lè ti ibì kan wá, kí ọdún tí ó ń jẹ́ ẹ ti ibòmíràn wá. Pé ọjọ́ ọdún jẹ́ àdéhùn láàárín òṣùpá, òòrùn àti ọ̀sẹ̀. Àti pé ọba, Póòpù, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àti àwọn òṣìṣẹ́ ti fi ọwọ́ kan àdéhùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní láti kọ́ni ní gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ́ àwọn ọmọ láti bi ìbéèrè mẹ́ta yìí: ta ni ó sọ ọ́ lórúkọ, ta ni ó ka ọjọ́ rẹ̀, ta ni ó ní kí a sinmi, yóò ti fún wọn ní ohun tí wọn yóò lò lórí ọdún yòówù tí wọ́n bá bá pàdé nínú ìwé, títí kan àwọn tí a ń ṣe ní ilẹ̀ tiwa. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, tí àwọn ìjọ wa fi ń lọ sí Gálílì pẹ̀lú ìlù àti oúnjẹ, wà lára àwọn ọjọ́ tí Lubbock kọ sínú òfin báǹkì ní 1871. Ó yẹ kí ọmọ tí ń jó lọ sí Gálílì mọ èyí pẹ̀lú.